Kí Ẹ Tó Pe Ìyàwó Ní Àgàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, àti gbogbo ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ń bá ìyàwó ilé ka oṣù, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni a mọ iyì tí ọmọ ní láàárín àwa Yorùbá. Bí ìgbéyàwó bá ti pé ọdún kan tí a kò gbọ́ igbe ọmọ tuntun, àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn ìyàwó kí wọ́n tó kí i. Ní ọdún kejì, ọ̀rọ̀ náà á di ti ìpàdé ẹbí. Bí ó bá fi máa di ọdún kẹta, àwọn kan á ti ní ìyàwó mìíràn lọ́kàn fún ọkọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe obìnrin náà, tàbí bóyá nǹkan kan tilẹ̀ ń ṣe é rárá.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà, àgàn, kò yẹ ní ẹnu ẹnikẹ́ni nígbà tí a kò tíì ṣe àyẹ̀wò fún tọkọtaya. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà ni yóò bá ìṣòro àìtètè rọ́mọ bí pàdé ní ìgbà kan láyé rẹ̀. Ohun tí ó kan ènìyàn púpọ̀ tó báyìí kì í ṣe ohun ìtìjú. Nínú ọ̀pọ̀ ìdí tí ó wà fún un, ọ̀kan ni mo mú lónìí, nítorí pé a lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀, àti nítorí pé òun ni a ń fi àgbo àti ariwo wò jù. Ìdí náà ni dídí ọ̀nà ẹyin, èyí tí àwọn obìnrin ń pè ní túùbù.

Kí ni túùbù yìí? Méjì ni, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé-ọmọ, ọ̀kan ní apá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, ìyẹn ni pé ó gùn díẹ̀ ju ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Ní ibi tí ó ti wọ inú ilé-ọmọ, ihò inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn òwú. Ní ìpẹ̀kun kejì, lẹ́bàá ibi tí ẹyin ń gbé, ó là bí ẹnu fèrè, ó sì ní wajawaja bíi ti etí aṣọ. Ní oṣooṣù, nígbà tí ẹyin kan bá gbó tí ó sì já, wajawaja yìí ni ó ń gbá a mọ́ra wọ inú túùbù. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà ní ara ògiri inú rẹ̀. Àwọn ni ó ń ti ẹyin náà síwájú díẹ̀díẹ̀. Inú túùbù ni àtọ̀ ti ń pàdé ẹyin, kì í ṣe inú ilé-ọmọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ẹyin tí ó já kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kí ó tó bàjẹ́, bí àtọ̀ kò bá bá a pàdé. Bí wọ́n bá pàdé, ọlẹ̀ kékeré náà á lo bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lójú ọ̀nà kí ó tó gúnlẹ̀ sí ilé-ọmọ.

Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ túùbù kọjá ti ojú ọ̀nà lásán. Bí ó bá dí, àtọ̀ kò ní rí ẹyin. Bí kò bá sì dí tán, ṣùgbọ́n tí àwọn irun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti bàjẹ́, àtọ̀ lè ráyè kọjá, kí ọlẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ wá há sójú ọ̀nà. Èyí ni oyún inú túùbù. Kò lè dàgbà di ọmọ láéláé. Ó lè bẹ́ túùbù náà, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn, kí ó sì pa ìyá láàárín wákàtí díẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òòyì ń kọ́ tàbí tí ó dákú, tí èjìká ń ro nígbà tí kò ṣubú, ẹ má ṣe po àgbo fún un, ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Òru náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ohun kan wà tí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ìyá lójú. Túùbù tí ó dí kì í dá nǹkan oṣù dúró. Inú ilé-ọmọ ni nǹkan oṣù ti ń wá; kò gba túùbù kọjá. Nítorí náà, obìnrin lè máa rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, kí ara rẹ̀ le koko, kí ìbálòpọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ má ní ìṣòro kankan, síbẹ̀ kí túùbù méjèèjì ti dí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ohun tí a ń pè ní ẹ̀dà. Mo ti pàdé ìyàwó tí wọ́n ní kí ó máa gbé ẹsẹ̀ lé ògiri lẹ́yìn ìbálòpọ̀ nítorí pé àtọ̀ ń dà jáde lára rẹ̀. Ara gbogbo obìnrin ni ó ti ń dà jáde bẹ́ẹ̀. Àtọ̀ tí yóò ṣiṣẹ́ ti wọlé lọ kí ìyókù tó ṣàn. Kò sí àìsàn níbẹ̀ tí a ó wò.

Kí wá ni ó ń dí túùbù? Àpá ni. Bí egbò ẹsẹ̀ bá jinná tí ó fi àpá sílẹ̀, a kì í bìkítà. Ṣùgbọ́n nínú ihò tí kò fẹ̀ ju okùn òwú lọ, àpá díẹ̀ ti tó láti dí i pátápátá. Kòkòrò àrùn ni ó sì ń dá egbò náà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àtọ̀sí ni ẹ mọ̀ jù nínú wọn. Èkejì rẹ̀ tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni chlamydia. Ìbálòpọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbà ràn. Ọkùnrin tí ó ní àtọ̀sí sábà máa ń tètè mọ̀, nítorí ìtọ̀ á máa ta á, nǹkan bí ọyún egbò á sì máa jáde lójú ihò ìtọ̀ rẹ̀. Obìnrin kì í sábà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti chlamydia, ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin tí ó ní in ni kì í rí àmì kankan. Àrùn náà á rọra gòkè láti ọrùn ilé-ọmọ wọ inú ilé-ọmọ, yóò sì ti ibẹ̀ dé túùbù.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin ọkọ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan kó àrùn níta. Ó gba kẹ́mìsì lọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yá, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àrùn tí ó ti kó ràn án ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí oyún kò dé, ọkọ yìí kan náà á jókòó láàárín àwọn tí ń béèrè ohun tí ìyàwó ti ṣe sẹ́yìn kí ó tó wọlé ọkọ. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí ìwà ìkà, bí kì í tilẹ̀ ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tí a bá wò fún àtọ̀sí, kí a wo ẹnì kejì rẹ̀ pẹ̀lú ní ọjọ́ kan náà, kí àwọn méjèèjì lo oògùn wọn tán, kí wọ́n sì yẹra fún ìbálòpọ̀ títí ìtọ́jú yóò fi parí. Bí ó bá ti ọkùnrin lójú láti sọ, kí ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ bá dókítà, kí dókítà bá a sọ ọ́.

Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ nìkan o. Oyún ṣíṣẹ́ ní ọwọ́ àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà ti ba túùbù ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jẹ́. Ibà tí ó mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀, tí wọ́n sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀, lè jẹ́ àrùn tí ń gòkè lọ sí túùbù. Ìdí nìyí tí obìnrin tí ó ti bí ọmọ kan tàbí méjì rí fi lè wá á tì lẹ́yìn náà. Ìfun kékeré tí à ń pè ní apẹ́ńdíìsì, bí ó bá bẹ́ sínú ikùn, lè mú kí túùbù lẹ̀ mọ́ ìfun. Iṣẹ́ abẹ nísàlẹ̀ ikùn náà lè fa irú ìlẹ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ikọ́ fée pàápàá a máa wọ túùbù. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé ìṣekúṣe ni ó fà á nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé túùbù ẹnì kan dí. Wúńdíá tí apẹ́ńdíìsì rẹ̀ bẹ́ lè ní in.

Àwọn dókítà kan ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden tọpa àwọn obìnrin tí àrùn ti dé túùbù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1992. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àrùn náà ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan, bí 8 ni túùbù wọn kò jẹ́ kí wọ́n lóyún mọ́. Àwọn tí ó ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bí 20. Àwọn tí ó ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí 40. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn sì rí ìtọ́jú gidi gbà ní ilé ìwòsàn. Kí ni kí a retí fún ẹni tí ó jẹ́ pé egbòogi àti kápúsù mẹ́rin péré láti ọwọ́ oníkíri ni ó lò? Ìwádìí ńlá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 1985, ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé àìrọ́mọbí tí àrùn kíkó fà pọ̀ ní Áfíríkà ju ní àwọn apá ayé yòókù lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ yé wa: àrùn tí a kò tètè wò ni ó jẹ́ kí tiwa pọ̀, kì í ṣe ìran wa.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fífọ ilé-ọmọ. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé obìnrin kò ní jókòó tán níwájú wọn tí wọ́n á fi ní kí ó wá fọ ilé-ọmọ rẹ̀. Wọ́n á ti irin bọ inú rẹ̀, wọ́n á há a, wọ́n á gba owó. Kí ẹ mọ̀ dájúdájú pé irin tí wọ́n fi ń há inú ilé-ọmọ kò dé inú túùbù, kò sì lè ṣí i. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó gbé kòkòrò àrùn wọlé, tàbí kí ó fi àpá sí ilé-ọmọ tí kò ní àìsàn tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni fífi ọwọ́ wọ́ ikùn, àti ewé tíì tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ èrò àti lórí fóònù báyìí pé ó ń ṣí túùbù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi kì í bú iṣẹ́ ìṣègùn àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun mímu kan, ì báà ṣe ti ìbílẹ̀, ì báà ṣe ti òyìnbó, tí a ti rí ẹ̀rí pé ó ń yọ́ àpá tí ó ti gbẹ nínú túùbù. Oògùn apakòkòrò ti ilé ìwòsàn pàápàá, kòkòrò ni ó ń pa. Àpá tí kòkòrò ti fi sílẹ̀, kò lè mú un kúrò. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ní kíákíá fi ju ìtọ́jú tí ó pẹ́ lọ.

Ní ti àdúrà, ẹ máa gbà á. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gun orí òkè, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń tọrọ gan-an. Ọdún mẹ́rin tí obìnrin ẹni ọdún 32 bá fi káàkiri ilé aládùúrà àti ilé oníṣègùn, kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún un, àti pé ọjọ́ orí wà lára ohun tí ìtọ́jú gbára lé.

Nígbà wo ni ó yẹ kí a lọ? Bí tọkọtaya bá ti ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìlo ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí oyún kò sì dé, kí wọ́n lọ. Bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35, kí wọ́n má dúró ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó bá ti ní oyún inú túùbù rí, tàbí tí àrùn abẹ́ ikùn ti dá gúnlẹ̀ rí, kò ní láti dúró rárá.

Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ ni ó yẹ kí ó wà lára ohun àkọ́kọ́, nítorí ó rọrùn, kò ní ìrora, owó rẹ̀ sì kéré. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ó ní ìṣòro yìí, ọwọ́ ọkùnrin wà nínú rẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó. Kò bójú mu kí a máa ya àwòrán inú obìnrin nígbà tí a kò tíì yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò.

Àyẹ̀wò túùbù tí ó wọ́pọ̀ jù ni X-ray tí wọ́n ń pè ní HSG. Wọ́n á gba ojú ara fi omi kan sínú ilé-ọmọ, wọ́n á sì ya àwòrán bí omi náà ti ń lọ. Bí ó bá tú jáde ní ìpẹ̀kun túùbù méjèèjì, ọ̀nà là. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, kí ẹyin tó já, ni wọ́n ń ṣe é, kí ó má baà jẹ́ pé oyún ti wà níbẹ̀. Yóò dùn díẹ̀ bí inú rírun ìgbà nǹkan oṣù. Ẹ lè béèrè oògùn ìrora ṣáájú. Ẹ má sì sọ̀rètí nù bí wọ́n bá ní túùbù kan ni ó dí. Ẹni tí ó ní túùbù kan tí ó dára ṣì lè lóyún fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, túùbù lè súnkì nítorí ẹ̀rù àti ìrora, kí ó dà bí ẹni pé ó dí nínú àwòrán. Bí ọ̀rọ̀ bá rú dókítà lójú, ó lè ní kí wọ́n ṣe laparoscopy, níbi tí wọ́n ti ń la ojú kékeré lẹ́bàá ìdodo, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná wo inú ikùn.

Ìtọ́jú wà lóríṣiríṣi, kò sì sí ọ̀kan tí ó bá gbogbo ènìyàn mu. Bí ó bá jẹ́ pé túùbù kàn lẹ̀ mọ́ nǹkan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, iṣẹ́ abẹ lè tú u sílẹ̀. Bí ìbàjẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀, àtúnṣe kì í sábà so èso, ó sì lè jẹ́ pé oyún inú túùbù ni yóò tẹ̀lé e. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lóyún lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè lọ kí wọ́n wo ibi tí oyún náà dúró sí.

Ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ṣe fún àwọn ìyá, màmá àgbà kan dìde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí wọ́n gé túùbù ìyàwó ọmọ mi kúrò kó tó lè bímọ. Ọ̀nà wo ni ọmọ ọ̀hún á wá gbà?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo dá a lóhùn pé, "Màmá, túùbù mìíràn máa ń dí ní ìpẹ̀kun rẹ̀, omi á kó sínú rẹ̀, á wú bí àpò. Omi náà á máa kán padà sínú ilé-ọmọ, kò sì ní jẹ́ kí ọlẹ̀ lè dì mọ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tàbí tí wọ́n so ó pa, ilé-ọmọ á gbẹ, á sì ṣeé gbé. Ọmọ kò ní gba túùbù mọ́; dókítà ni yóò gbé e dé ilé-ọmọ." Màmá ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí n bá òun tún un sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí dókítà fi ń gbé e dé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní IVF. Wọ́n á gba ẹyin lára ìyàwó, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ nínú àwo, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á fi ọlẹ̀ sínú ilé-ọmọ. Nítorí túùbù tí ó dí gan-an ni iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Lesley Brown, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni túùbù rẹ̀ dí. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978 ó bí Louise, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí a bí lọ́nà yìí, nípasẹ̀ iṣẹ́ Robert Edwards àti Patrick Steptoe. Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ṣe é ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ọmọ sì jáde níbẹ̀ ní 1989. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀rọ, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn: ẹyin ìyá rẹ̀ àti àtọ̀ baba rẹ̀ ni. Èmi kò ní tàn yín pé ó rọrùn. Owó rẹ̀ pọ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, kì í yọrí sí rere nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó yẹ kí ìjọba bá àwọn tí kò ní lọ́wọ́ ru ẹrù yìí ju bí ó ti ń ṣe lọ. Mo sọ ọ́ nínú ìwé ìjọba, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí ó bá sì wù láti gba ọmọ tọ́, ọ̀nà òfin wà fún un ní ọ́fíìsì ètò ìgbáyé-gbádùn ti ìpínlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, kí ọkọ àti ìyàwó jọ lọ. Kí ìyàwó kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ àti àwòrán X-ray lọ́wọ́, kí wọ́n má baà tún gba owó yín lórí ohun tí ẹ ti ṣe. Ohun tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, oyún ṣíṣẹ́ tàbí àtọ̀sí, kí olúkúlùkù sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ lè ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ kí ó yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí ọjọ́ méje kí ó tó lọ fi àtọ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ lè bá wọn tọ́jú ilé títí wọn yóò fi dé.